Ọdán Inú Àwo

Ibi tí ilé Bàbá wa wà ní Àgbàjí, títì ló gbà á.
Katapílà dé lọ́jọ́ Àlàmísì kan,
ó wó ìloro, ó wó yàrá ìyá wa,
ó wá kọjú sí ọdán ẹnu ọ̀nà,
ọdán tí mo bá láyé, tí Bàbá náà bá láyé.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kàn án, igi ò mira.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, gbòǹgbò ké.
Mo dúró lódìkejì, mo ń ka owó gbà-máà-bínú.
Kò pé.

Lára àfọ́kù ògiri ni mo ti rí i:
ewé mẹ́rin, gbòǹgbò tín-ín-rín bí òwú,
ọmọ ọdán tí ẹyẹ kan su sí ojú sísán amọ̀.
Fìlà mi ni mo fi gbé e dé Òkèlele.

Mo lọ bá Àwáwù níbi tó ti ń mọ ìkòkò,
mo ní mo fẹ́ àwo pẹrẹsẹ, kó dá ihò mẹ́ta sí i nídìí.
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Àwo tó ń jò lo fẹ́ fowó rà?
Èyí tó fọ́ kún ẹ̀yìnkùlé mi, wá kó o lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọdún mọ́kàndínlógún rèé.
Kò tíì ga ju búùtà lọ.
Yanrìn odò Àsà ló ń jẹ, àti èédú tí mo gún.
Bí ọdún méjì bá yí po, tójò kọ́kọ́ rọ̀,
n ó tú u jáde, n ó gé ìdá kan nínú mẹ́ta gbòǹgbò rẹ̀,
n ó dá a padà, n ó bẹ̀ ẹ́.
Wáyà inú fáànù tó jóná ni mo fi ń tẹ ẹ̀ka rẹ̀;
n ó tú u kí ọyẹ́ tó dé, kó má baà bu èèpo jẹ.

Wọ́n ní àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò,
bó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́.
Tèmi kọ̀, kò dàgbà.
Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n nídìí àlùmọ́gàjí.

"Kí ni igi yìí fi ṣẹ̀ yín, tẹ́ ẹ ń febi pa á?"
Ìyàwó alájọgbé wa nìyẹn.
Ọmọ rẹ̀ ní, "Ta ló máa jókòó lábẹ́ ẹ̀?"
Mo ní, "Èèrà."
Ọmọ náà lọ wá èèrà wá.

Èmi ò kàn ń tẹ ẹ̀ka bó ṣe wù mí.
Mo ń ṣe é bó ṣe wà:
ọ̀kan lọ sí ìlà oòrùn, ibẹ̀ là ń gbé àgbò Iléyá kọ́ bó;
èkejì ṣẹ́ wálẹ̀ bí ìgúnpá ẹni tó ń ṣàlùwàlá,
ibẹ̀ ni Bàbá ń fi tẹ̀sùbáà rẹ̀ há.

Rékíyà àbúrò mi ti Jẹ́bbà wá lọ́dún tó kọjá.
Ó lóṣòó tì í, ó pẹ́.
"Ọdán ilé wa rèé!" Orí mi wú.
Ó tún wò ó. "Ẹ̀ka ìhà kànga ńkọ́?
Èyí tí mo so jáńgílófà mọ́?"
Mo ní kò sí ẹ̀ka níbẹ̀ rí.
Ó ní ó wà.
Kò sí. Ó wà.
Àwa arúgbó méjì, à ń pariwo léra wa lórí igi tí kò tó àtẹ́lẹsẹ̀ màlúù,
títí ó fi ká ìró sókè, tó fi àpá ojúgun hàn mí:
"Orí kí ni mo ti já bọ́ nígbà náà?"

Mo dákẹ́.
Lọ́dún kẹta, ẹ̀ka kan yọ níbi tí mi ò rán an,
níhà kànga gan-an.
Mo gé e. Mo fi eérú pa ojú rẹ̀, mo sọ ọ́ sáàtàn.
Mo gé ọ̀rọ̀ mọ́ igi lẹ́nu.

Rékíyà ti padà sí Jẹ́bbà. Àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀.
Ojú àpá yẹn wú díẹ̀ láàárọ̀ yìí,
bí èrìgì ọmọ tó fẹ́ hu eyín.
Ó lè jẹ́ ẹ̀ka, ó lè jẹ́ kókó lásán.
Mo gbé àlùmọ́gàjí kọ́ ìṣó,
mo yí àwo náà díẹ̀,
kí oòrùn lè rí ibẹ̀.